Ta ló ń sọ fún jíìnì pé kó ṣiṣẹ́, ta ló sì ń pa á lẹ́nu mọ́?

Ọmọ Sábó (Ìkòròdú):

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kejì ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ báyótẹ́kinọ́lọ́jì níbí ní Ìkòròdú. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ fún mi pé, "DNA ń di RNA, RNA ń di purotéènì, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wàá gba máàkì rẹ." Mo mọ̀ ọ́n sórí. Bí ẹ bá jí mi lóru, mo lè kà á fún yín. Ṣùgbọ́n kò yé mi.

Wọ́n ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara mi ló ní DNA kan náà, ìyẹn ìwé àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì, tí jíìnì jẹ́ ìpín kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí èyí tó wà ní ìka mi ń hu èékánná, tí èyí tó wà nínú eegun mi ń ṣe ẹ̀jẹ̀? Olùkọ́ wa tún wá sọ ti E. coli, bakitéríà kan tó ń gbé inú ìfun. Ó ní ká mú un láti ara kólónì kan ṣoṣo, ìyẹn òkìtì bakitéríà tí ọ̀kan péré bí, sínú ìgò méjì, ká fún ọ̀kan ní glucose, ká fún èkejì ní lactose, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì. Èyí tó wà nínú lactose á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ẹ́ńsáìmù tó ń gé ṣúgà náà. Èyí tó wà nínú glucose ò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. DNA wọn ò yàtọ̀ rárá. Ta wá ló pàṣẹ? Bakitéríà ò kúkú ní ọpọlọ.

Ti oògùn náà tún wà níbẹ̀. A da bakitéríà sórí agar, ohun dídì tí wọ́n ń hù lé lórí, tó ní ampicillin, oògùn tó ń pa bakitéríà, nígbà práktíkàlì. Ọ̀pọ̀ wọn ò hù, ṣùgbọ́n kólónì díẹ̀ hù, wọ́n sanra, àwọn kéékèèké kan sì yí wọn ká. Ṣé oògùn yẹn ló kọ́ wọn bí wọn ó ṣe dènà rẹ̀ ni, àbí wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?

Ìyá mi ń ta ògì ní ọjà Sábó. Lánàá ó bi mí pé kí ni mò ń kọ́ gan-an. Mo ní jíìnì àti kòkòrò àìfojúrí. Ó ní, "Ṣé àwọn ló ń jẹ́ kí ògì kan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á fún mi kí n lè là á fún un.


Ìyá Láàbù (Ẹ̀pẹ́):

Àbúrò mi, kú iṣẹ́. Kí á tó dé ọ̀dọ̀ E. coli, lọ mú ìwé jẹ́nótáìpù rẹ wá. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó ti ń ronú ìgbéyàwó tí wọn kò ní bi bóyá AA ni àbí AS. Iṣẹ́ yẹn ni mò ń ṣe ní láàbù ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀pẹ́ níbí, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí o ń béèrè sì wà nínú rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. A ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tó ní EDTA kó má baà dì. A ó fi omi iyọ̀ ṣan àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa, a ó wá tú wọn fọ́ kí hemoglobin inú wọn, purotéènì pupa tó ń gbé ọ́síjìn, jáde. Omi pupa tó mọ́ gaara ló máa kù lọ́wọ́ wa. A ó fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi í kan pépà cellulose acetate tí a ti rẹ sínú bọ́fà (omi tí kíkan rẹ̀ kì í tètè yí padà) tí pH rẹ̀, òṣùwọ̀n kíkan, tó nǹkan bí 8.6, ti ẹni kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni kejì, lórí ìlà kan náà. A ó gbé e sínú táǹkì, a ó tan iná sí i. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ti gbéra, ṣùgbọ́n wọn kì í jọ dé. Hemoglobin A á sáré síwájú, síhà tí iná ti jẹ́ pósítíìfù. S á wà lẹ́yìn rẹ̀. C, tó wà lára àwa Yorùbá náà, á gbẹ́yìn. Ẹni tó bá jẹ́ AS, ìlà méjì ni wàá rí, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, o ò sì nílò maikirosíkóòpù kankan láti rí i. Ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ irú èyí tó jẹ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn lórí pépà kan náà, kí á lè fi wọ́n wéra. Mo ti rí ìwé èsì ibìkan tí wọ́n kọ AA sí fún ẹni tó jẹ́ AS, tí ó ti fi ìwé yẹn fẹ́ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Kí ló ń fa S sẹ́yìn? Fara balẹ̀ síbí. Amino acid ni ẹyọ ẹyọ tí wọ́n fi ń to purotéènì; 146 nínú wọn ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú ẹ̀wọ̀n beta, ọ̀kan lára ẹ̀wọ̀n tó di hemoglobin. Ní ipò kẹfà, glutamic acid ló wà lára A, ó sì ru agbára iná nẹ́gátíìfù. Lára S, valine ló wà níbẹ̀, valine ò sì ru nǹkan kan. Nítorí náà iná ò fi bẹ́ẹ̀ rí S fà bó ṣe ń fa A. Ta ló gbé valine síbẹ̀? Lẹ́tà kan ṣoṣo nínú DNA, tí wọ́n fi lẹ́tà mẹ́rin kọ: A, C, G àti T. Nínú jíìnì ẹ̀wọ̀n beta, lórí krómósómù 11 (ọ̀kan lára àwọn okùn DNA wa), GAG ti di GTG. Lẹ́tà A kan ló di T. Lẹ́tà inú DNA èèyàn lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta, ọ̀kan péré nínú wọn ló ń mú kí hemoglobin máa lẹ̀ mọ́ra wọn di okùn gígùn nígbà tí atẹ́gùn ọ́síjìn bá dín kù, kí sẹ́ẹ̀lì pupa tẹ̀ bíi dòjé, kó sì dí òpójẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lójú. Òun ni fòníkú-fọ̀ladìde tí àwọn baba wa mọ̀. Linus Pauling àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ló fi iná ya A àti S sọ́tọ̀ ní 1949, Vernon Ingram ló sì fi hàn láàárín 1956 sí 1957 pé amino acid kan ṣoṣo ni gbogbo ìyàtọ̀ náà.

Wàyí o, jọ̀wọ́ má sọ pé DNA ń di RNA mọ́. DNA kì í di nǹkan kan. Ibi tó wà ló ń wà, títí sẹ́ẹ̀lì á fi pín tí wọn á sì tún un kọ fún ọmọ. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ RNA polymerase ló máa ń wá jókòó síbi tí jíìnì ti bẹ̀rẹ̀. Á la okùn méjèèjì, á máa wo ọ̀kan kọ ẹ̀dà rẹ̀ ní RNA. Nínú ẹ̀dà yìí, U ló ń dúró níbi tí T ìbá wà. Ẹ̀dà yìí ni ráíbósómù, ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń to purotéènì, ń kà, lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta. AUG ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá kan GAG, á mú glutamic acid. Bó bá kan GUG, á mú valine. Ráíbósómù ò mọ èyí tó jẹ́ àìsàn yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ àlàáfíà. Ohun tó bá bá nílẹ̀ ló ń kà. Bí o bá to lẹ́tà mẹ́rin ní mẹ́ta mẹ́ta, 64 ni wàá rí. Mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú wọn ń pe amino acid, mẹ́ta tó kù ń sọ pé ó tó, dúró. Amino acid tí wọ́n ń pè kò ju ogún lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń dáhùn sí ju ìpè kan lọ. Ní 1961 ni Nirenberg àti Matthaei fún omi inú E. coli ní RNA tó jẹ́ kìkì U, ohun tó sì tò jáde jẹ́ kìkì phenylalanine. Báyìí ni ayé ṣe mọ ìtumọ̀ ìpè àkọ́kọ́.

Ó yẹ kí o ti rí ohun kan báyìí: pépà tí mo fi ń ṣe jẹ́nótáìpù kò ka DNA rárá. Purotéènì ló ń wò, àwa ni a ń ti ibẹ̀ padà sẹ́yìn mọ ohun tí jíìnì sọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti dàgbà ò tilẹ̀ ní DNA mọ́. Ó ti ju núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀, ibi tí DNA wà, nù kí ó tó jáde kúrò nínú mùdùnmúdùn eegun. Ẹni tó bá fẹ́ mú DNA nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun ló máa lọ bá.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ gan-an, ta ló ń pàṣẹ. Àwọn ìyá tó bí ọmọ SS máa ń sọ fún wa pé, "Nọ́ọ̀sì, ara ọmọ yìí dá ṣáká nígbà tí mo bí i." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ó máa ń tó nǹkan bí oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Jíìnì S ti wà nínú ọmọ yẹn láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti lóyún rẹ̀. Wọn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ máa kà á ni. Jíìnì mìíràn, gamma, ni wọ́n ń kà nínú oyún, òun ló ń fún wa ní hemoglobin F, kò sì sí GTG burúkú yẹn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìbí, gamma á máa dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, beta á gba ipò rẹ̀. Nígbà náà ni S tó hàn síta. Fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tí wọ́n ní kí o há sórí lọ: kí jíìnì wà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n kà á jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Èékánná rẹ ní jíìnì hemoglobin. Wọn kì í kà á níbẹ̀ ni.

Ta ló pa gamma lẹ́nu mọ́? Purotéènì kan tó ń jẹ́ BCL11A wà lára wọn. Ní òpin 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Casgevy. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á fi CRISPR, irinṣẹ́ tó ń gé DNA, gé ibi tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pèsè BCL11A, wọ́n á dá a padà sí i lára. Gamma á tún lanu. Wọn ò fọwọ́ kan lẹ́tà S rárá o! Àrà ni mo ń pè é. Ọ̀dọ̀ bakitéríà sì ni CRISPR ti wá, òun ni wọ́n fi ń gé faírọ́ọ̀sì tó bá wá bá wọn jà. Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna ló sọ ọ́ di irinṣẹ́ ní 2012, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020. Owó ìtọ́jú náà ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là, ó sì ń dùn mí dé egungun, torí pé ọ̀dọ̀ wa ni àìsàn yìí pọ̀ sí jù lágbàáyé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Ìkòròdú ni mò ń wò.

Ti E. coli àti oògùn, mo fi sílẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú agar lójoojúmọ́.


Ọmọ Ajárá (Àgbádárìgì):

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ kú làálàá.

Àbúrò, ìdí tábìlì máíkró, níbi tí a ti ń wá kòkòrò àìfojúrí, ni mo wà. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ni wọ́n ń gbé wá bá mi láràárọ̀, nítorí náà E. coli kì í ṣe àlejò mi. Agar tí a fi ń wá a ń jẹ́ MacConkey. Lactose wà nínú rẹ̀, iyọ̀ òróòro wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn rímú mí, aró kan sì wà níbẹ̀ tí ó máa ń pọ́n bí ásíìdì bá kàn án. A ó fi lúùpù, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ olórí róbótó, tí a ti yọ nínú iná fa ìtọ̀ náà sí i lójú, a ó gbé e sínú inkubétọ̀ ní 37 fún òru kan. Bí mo bá ṣí i lówùúrọ̀ tí mo bá kólónì tó pọ́n wẹ́wẹ́, tí ojú agar yí i ká náà pọ́n, mo mọ̀ pé àwọn wọ̀nyí ti jẹ lactose, wọ́n sì ti tu ásíìdì sílẹ̀. Salmonella àti Shigella kì í sábà jẹ ẹ́ lóru kan yẹn, tiwọn á rí bí ohun tí kò láwọ̀. Èmi ò lè rí jíìnì, ṣùgbọ́n pupa tí mò ń rí yẹn, jíìnì tí wọ́n ń kà lọ́wọ́ ni.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Jíìnì mẹ́ta ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú E. coli: lacZ, lacY, lacA. LacZ ló ń pèsè ẹ́ńsáìmù tó ń gé lactose sí méjì, lacY ló ń pèsè ilẹ̀kùn tí lactose ń gbà wọlé. LacA kò ṣe pàtàkì fún ìbéèrè rẹ. Níwájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni RNA polymerase ti ń gbéra, ṣùgbọ́n purotéènì kan wà tó máa ń jókòó sójú ọ̀nà rẹ̀. Jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ lacI ló ń pèsè rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá jókòó síbẹ̀, polymerase ò ní ráyè kọjá, wọn ò sì ní ka jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdíwọ́ náà kì í dí pa. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan á máa yọ́ kọjá, nítorí náà ilẹ̀kùn bíi mélòó kan àti ẹ́ńsáìmù bíi mélòó kan kì í wọ́n nínú bakitéríà náà. Bí lactose bá dé, díẹ̀ á gba àwọn ilẹ̀kùn yẹn wọlé, ẹ́ńsáìmù tó wà nílẹ̀ á yí lára rẹ̀ padà di allolactose. Allolactose á so mọ́ adínà náà, ìrísí adínà á yí padà, ọwọ́ rẹ̀ á sì já lára DNA. Ọ̀nà là. Bí lactose bá tán, allolactose náà á tán, adínà á padà sórí àga rẹ̀.

Bí glucose bá wà níbẹ̀ ńkọ́? E. coli fẹ́ràn glucose jù. Tí glucose bá pọ̀, ohun kékeré kan tó ń jẹ́ cAMP á dín kù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ olùrànlọ́wọ́ tó ń fa polymerase mọ́ ibẹ̀, CAP, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí cAMP. Glucose tún máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ lactose. Ìgò rẹ àkọ́kọ́ ò ní lactose rárá, adínà ṣì wà lórí àga rẹ̀; bí o bá tilẹ̀ fi lactose kún un, glucose ò ní jẹ́ kó fi bẹ́ẹ̀ dáhùn.

Nítorí náà kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀ tó ń pàṣẹ. Ṣúgà fúnra rẹ̀ ni àṣẹ. François Jacob àti Jacques Monod ló tú u fọ́ ní Paris, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1961, wọ́n sì gba Nobel ní 1965 pẹ̀lú André Lwoff. DNA E. coli tí wọ́n ń lò ní láàbù jẹ́ lẹ́tà mílíọ̀nù 4.6, jíìnì rẹ̀ ń lọ sí 4,300. Bí ara bá dẹ̀ ẹ́, ogún ìṣẹ́jú ló fi ń di méjì. Ẹni tó bá ń fi okun rẹ̀ pèsè ẹ́ńsáìmù tí kò nílò, àwọn tó kù á bí ọmọ ju tirẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ó kan oògùn. Oògùn ò kọ́ wọn. Ní 1952, Joshua àti Esther Lederberg mú aṣọ àrán, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ẹ̀yẹ, wọ́n nà án sórí igi róbótó, wọ́n fi tẹ abọ́ agar tí kólónì kún. Òwú àrán gbé díẹ̀ nínú kólónì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi tẹ abọ́ mìíràn tí oògùn wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí ibi tí èyí tó yè wà, wọ́n padà lọ sójú ibẹ̀ gan-an nínú abọ́ àkọ́kọ́ tí kò fojú kan oògùn rí, wọ́n bá àwọn ìbátan rẹ̀ tí oògùn kò ràn níbẹ̀. Wọ́n ti wà kí oògùn tó dé. Oògùn kàn pa ará yòókù ni.

Ṣùgbọ́n ti ampicillin tí ẹ ṣe, ó dà bíi pé plasmid ni wọ́n fi sí wọn nínú. Plasmid jẹ́ DNA kékeré róbótó tó dá dúró, tí kò sí lára krómósómù bakitéríà. Jíìnì orí rẹ̀ ń pèsè beta-lactamase, ẹ́ńsáìmù tó ń gé ampicillin kó má lè ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn kéékèèké tí o rí yí kólónì ńlá ká, má fi lúùpù mú wọn o! Kólónì ńlá ló tú ẹ́ńsáìmù síta, ẹ́ńsáìmù jẹ oògùn àyíká ibẹ̀ tán, àwọn tí kò ní plasmid sì ráyè hù lábẹ́ òjìji rẹ̀. Bí o bá gbé ọ̀kan lára wọn lọ sórí ampicillin tuntun, ó ṣeé ṣe kí o má bá nǹkan kan lọ́jọ́ kejì. Mú ńlá, kí o sì mú un ní àárín. Bí o bá fi abọ́ sílẹ̀ sínú inkubétọ̀ pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pọ̀.

Plasmid yìí ni ìṣòro wa nílé ìwòsàn. Bakitéríà máa ń na ọwọ́ sí ara wọn, wọ́n á fún ara wọn ní ẹ̀dà. Lederberg àti Tatum ló kọ́kọ́ fi hàn ní 1946 pé E. coli ń ṣe pàṣípààrọ̀ jíìnì. Ní ìlú Japan láàárín ọdún 1950 sí 1960, Shigella tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn kọ oògùn mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì rí i pé E. coli lè gbé ìkọ̀sílẹ̀ yẹn fún un. Nítorí náà ẹni tó ra kápúsù pupa-àti-yẹ́lò méjì péré ní páàkì, tó gbé e mì tí inú rẹ̀ sì rọ̀, ti pa àwọn tó gbọ́ràn, ó ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláìgbọ́ràn, wọ́n á sì pín plasmid fún aládùúgbò. Mò ń rí èyí lójú agar mi: mo fi pépà róbótó mẹ́jọ tí oògùn wà lára wọn lé e, méjì péré ló pa bakitéríà àyíká rẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló ni ìtọ̀ náà. Kí ni dókítà fẹ́ kọ fún un?

Plasmid yìí kan náà sì ni iṣẹ́ rẹ lọ́la, àbúrò. Cohen àti Boyer fi DNA ibòmíràn sínú plasmid ní 1973, wọ́n tì í sínú E. coli, ó sì ń bí i. Ní 1978 wọ́n mú kí E. coli pèsè ínsúlíìnì ti èèyàn, ní 1982 ó dé ọjà. Ṣáájú ìgbà yẹn, inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń wá a fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà.


Ìyá Ìbejì (Ìkòròdú):

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, gbogbo yín. Iṣẹ́ oúnjẹ ni mo kọ́, jẹ́ kí n dá ìyá ọmọ yìí lóhùn.

Ọmọ mi, sọ fún ìyá rẹ pé nígbà tó bá rẹ àgbàdo, oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí ló wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kì í ṣe gbogbo wọn ló dára. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń ṣe ásíìdì lactic á ti gba ibẹ̀. Lactiplantibacillus plantarum wà lára wọn, Lactobacillus ni wọ́n ń pè é títí di 2020. Ṣúgà inú àgbàdo ni wọ́n ń jẹ, ásíìdì ni wọ́n ń tú jáde, òun ni kíkan yẹn. pH á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4 tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ò lè gbé nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ìwúkàrà náà wà níbẹ̀, ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kó ta sánsán. Bó bá fi omi tuntun pààrọ̀ omi orí ògì, ásíìdì ló ń dà nù, ìdí nìyẹn tí kì í fi kan jù.

Kó sì fi wé irú. Irú kì í kan. Bacillus subtilis ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú, purotéènì inú kóró irúgbá ló ń fọ́, ammonia ló ń tú jáde, pH ń gòkè dípò kó wálẹ̀. Òórùn méjèèjì nínú ilé ìdáná kan náà, bakitéríà méjì tí jíìnì tí wọ́n ń kà yàtọ̀ síra.


Ọmọ Sábó (Ìkòròdú):

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin òbí mi. Ẹ̀gbọ́n Ajárá, kéékèèké gan-an ni mo mú lọ́jọ́ yẹn, nǹkan kan ò sì hù, mo rò pé agar ló bàjẹ́ ni. Mo ka ti ògì fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ pé omi àkọ́kọ́ kì í ṣe omi rere. Ó wá ní kí n bi yín bóyá òótọ́ ni pé omidùn ń wo ìgbẹ́ gbuuru.

Ìyá Láàbù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ó ku ẹyọ kan. AS ni mo jẹ́. Ṣé sẹ́ẹ̀lì pupa mi kan ní A, tí òmíràn ní S, àbí inú ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni méjèèjì wà?


Ọmọ Ajárá (Àgbádárìgì):

Kí màmá má gbára lé omidùn o. Ẹni tó ń yàgbẹ́, omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ ló ń tán, ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ni kí ẹ fún un, ọmọdé á fi zinc kún un, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn bí kò bá dáwọ́ dúró. A rí ohun tí kọ́lẹ́rà ṣe ní Èkó ní 2024. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí kún un: jíìnì májèlé kọ́lẹ́rà kì í ṣe ti Vibrio cholerae láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Faírọ́ọ̀sì tó ń ran bakitéríà ló gbé e wọ inú rẹ̀, Waldor àti Mekalanos ló fi hàn ní 1996. Vibrio tí faírọ́ọ̀sì yẹn kò bá wọ̀ kò lè ṣe irú ìgbẹ́ olómi yẹn.


Ìyá Láàbù (Ẹ̀pẹ́):

Ọmọ mi, inú ẹyọ sẹ́ẹ̀lì pupa kọ̀ọ̀kan ni A àti S jọ wà. Ẹ̀dà jíìnì tó ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ wá àti èyí tó ti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ wá, méjèèjì ni wọ́n ń kà pọ̀. A tó wà níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí S ráyè di okùn, ara rẹ sì le. Àwọn tó jẹ́ AS tún máa ń ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà tó le gan-an, Anthony Allison ló kọ ọ́ ní 1954, ìdí sì nìyẹn tí S kò fi tán lágbègbè wa tí ẹ̀fọn pọ̀ sí.

Lórí pépà, ìlà A rẹ máa nípọn ju ìlà S lọ. S kì í sábà kọjá nǹkan bí 40 nínú 100 lára AS, torí pé ẹ̀wọ̀n beta ti A máa ń tètè so mọ́ ẹ̀wọ̀n alpha ju ti S lọ. Nítorí náà bí o bá dé láàbù lọ́jọ́ kan, tí o rí ìlà S tó nípọn tí A tẹ́ẹ́rẹ́, má yára kọ AS. Ó lè jẹ́ SS tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára. Ìbéèrè tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ kí n tó mú abẹ́rẹ́ nìyẹn: ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin yìí? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ní kó lọ padà wá.